Ibi Tí Igi Àyìn Dúró Sí

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ewé gbígbẹ ní yunifásítì kan l'Ékòó. Bí ẹ̀ka igi bá dé, a ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sáàárín ìwé ìròyìn títí yóò fi gbẹ, a ó rán an mọ́ páálí, a ó sì kọ orúkọ igi náà sí igun rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó dúró sí àti ẹni tó gé e. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú, ojú kì í sì í tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ń ta orín ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì. Orín àyìn ló tà jù, òun náà ló sì fi tọ́ wa nínú yàrá kan ṣoṣo ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé àyìn tó ní èso ṣọ̀wọ́n níbi iṣẹ́ wa, ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń kó orín wá fún un, ẹ̀ka kan sì bá ẹrù dé, tewé tèso. Mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àpótí aṣọ rẹ̀. Kó tó gbẹ, gbogbo ìsọ̀ tó yí ti ìyá mi ká ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí yunifásítì.

Mo bi í pé níbo ni igi náà dúró sí. Ó ní Ìsẹ́yìn ni.

Ara fu mí. Àwọn olórín kì í béèrè igbó. Ìlú tí wọ́n ti di ẹrù sínú mọ́tò ni wọ́n fi ń pe ọjà. Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ó ní lóòótọ́ ni mọ́tò gbéra ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi oko ni wọ́n ti ń kó àyìn wá pàdé níbẹ̀, kò sì mọ èyí tí ẹ̀ka náà ti wá. Mo sọ fún ìyá mi pé n kò lè gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Inú bí i gidigidi. "Ṣé ò ń pè mí ní onírọ́ ni? Àbí orúkọ mi ló ń tì ẹ́ lójú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ṣùgbọ́n n kò yẹsẹ̀. Bí mo bá kọ Ìsẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ rí igi náà lọ́jọ́ iwájú, ibi tí kò sí ni yóò ti máa wá a.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ gé òmíràn níbi tó dúró sí. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa gé e."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi mí pé irú bàtà wo ni èèyàn ń wọ̀ lọ sínú igbó.

Ọkùnrin olórín náà mú wa kọjá Ṣakí. A gun ọ̀kadà gba ọ̀nà oko títí a fi dé igbó kan tí ọ̀pọ̀ igi rẹ̀ ti wọ́wé nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Ó nawọ́ sí igi gíga kan tí èèpo rẹ̀ rí bí eérú. Ìyá mi bi í pé igi wo nìyẹn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò rí àyìn lóòró rí.

Ó rìn lọ sídìí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. "Ìwọ lo bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ lójú tèmi náà.

Lẹ́yìn náà ó gba àdá, ó gé ẹ̀ka kan ṣoṣo, ó wá yíjú sí ọkùnrin náà, ó bi í pé kí ni wọ́n ń pe igbó yìí, kó sọ ọ́ dáadáa, torí yunifásítì la fẹ́ kọ ọ́ sí.