Itọ́ Àárọ̀

Kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Àkúrẹ́ bí a ṣe ń fọ eyín. Èmi fúnra mi, bí búrọ́ọ̀ṣì bá kan ìdí eyín mi, ẹ̀jẹ̀ á yọ, n ó sì pa búrọ́ọ̀ṣì tì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ìfun mi ló wú, tó sì dégbò. Wọ́n fún mi lóògùn, ó rọlẹ̀ díẹ̀, kò lọ. Ìyá mi ní Oǹdó ló dùn mí jù. Arúgbó ni, oṣù méje ni mi ò sì fi fojú kàn án, torí mi ò fọkàn tán ìdí ara mi nínú bọ́ọ̀sì. Bó bá pè, n ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wo?

Ni mo bá gbọ́n. Ní kékeré mi, itọ́ àárọ̀, itọ́ ẹnu tí a ò tíì fọ̀, tí a ò tíì fi kí ẹnikẹ́ni, ni ìyá mi fi ń pa làpálàpá fún mi. Mo ní bó bá wo awọ ara, yóò wo ìfun. Láràárọ̀, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìsọ̀rọ̀, n ó kó itọ́ jọ, n ó gbé e mì, n ó sì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Ìyàwó mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ó tilẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, wo ẹnu mi kó tó wo ikùn mi. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ itọ́ fún un. Ó kọjú sí fèrèsé títí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, gbogbo wa la ń gbé itọ́ mì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kòkòrò ẹnu kì í sábà ríbi jókòó nínú ìfun tó dá ṣáṣá, torí àwọn kòkòrò onílé ti gba ibẹ̀. Bí ìfun bá wú, agbára onílé á dín. Àwọn ará ẹnu á wọlé, wọ́n sì lè dá kún egbò náà. Ẹnu tí ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ bíi tiyín, ọ̀pọ̀ ló ń rán lọ."

"Ṣé itọ́ àárọ̀ yẹn ló fà á?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn."

Àṣé àlejò ni mò ń sìn wọlé, tí mo tún ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọn káàbọ̀.

Wọ́n ha eyín mi, wọ́n pààrọ̀ oògùn mi, mo sì ń fọnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Nígbà tó ṣe, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sì dé Oǹdó láì dá dírẹ́bà dúró.

Ilẹ̀ mọ́, mo fọnu, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Kò dáhùn. Ó ti pẹ́ tí kì í jẹ́ ìkíni ẹni tí kò bá fọnu. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu mi, ó mirí pé ó dáa. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ti ròyìn àìsàn mi fún un.

"Ọma mi," ó ní, "torí ìgbẹ́ lo ṣe sá fún mi? Ta ló kọ́kọ́ fọ ìdí yẹn?"

Ojú tì mí dé egungun.