Ewì Gíríìkì Lórí Okùn Aṣọ

Má-jókòó ni àwọn ará àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí i rí kí ìdí rẹ̀ pẹ́ lórí àga. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Gíríìsì, àìfarabalẹ̀ náà tún wá pelékè. Bó bá pe ọmọ náà, "Dáadáa ni, Bàbá" ló máa ń gbọ́. Bó bá béèrè irú ibi tó ń gbé, "Ibẹ̀ dára" ni. Bàbá sì mọ̀ pé ẹni tí nǹkan dára fún ní tòótọ́ a máa ṣàròyé díẹ̀.

Ó pinnu pé bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀, àwọn ará ibẹ̀ yóò sọ ọ́. Ó lọ sí ilé ìkàwé, ó ní kí obìnrin tó ń tọ́jú ìwé fún òun ní ìwé àwọn Gíríìkì. Obìnrin náà gbé ìwé ogun àtijọ́ àti ti àwọn òrìṣà wọn fún un. Ó kà á tán, ó pe ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá àwọn òrìṣà náà ṣì ń jà lórí òkè.

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá! Àwọn tí mò ń tọ́jú níbí, orúnkún ló ń dùn wọ́n."

Ó padà sílé ìkàwé.

"Àǹtí, àwọn tí ẹ fún mi ti kú tipẹ́. Àwọn tó ń mí ni mò ń wá."

"Àwọn tó ń mí náà ń kọ̀wé, Bàbá. Ẹ ò kúkú sọ. Ẹ jókòó, ẹ yàn án."

"Ẹ bá mi yàn án. Mo tan áyọ́ọ̀nù sílẹ̀."

Ìtàn àròsọ kan àti ìwé ewì kan ni obìnrin náà fún un, tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè tó gbọ́. Ìtàn náà dá lórí ìdílé kan tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé náà kiri. Ó sáré kà á bí ẹni tó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Kò rí i. Ó sáré ka ewì náà bákan náà, ó ní kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí kì í parí ọ̀rọ̀.

Bó ti fẹ́ dá ìwé ewì padà ni òjò ká a mọ́ ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ni alágbàfọ̀ mọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ohun tó bá rẹ tó sì hunjọ: ó tẹ́ ìwé, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ojú ewé tẹ́jú dáadáa, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé yọ́, gbogbo rẹ̀ sì tú dà sílẹ̀.

"Mo gbé! Mo lọ ìwé bí ẹni lọ ṣòkòtò!"

Aṣọ oníbàárà kún orí tábìlì. Ó bá fi pẹ́ẹ̀gì há àwọn ewé náà sórí okùn, níwájú ibi tó ti ń lọṣọ. Kò lè sáré kà á mọ́. Bó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, á gbójú sókè ka ewé kan, á tún gbé òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kan ewì obìnrin tó fi omi òkun fọ ẹ̀wù, tó sá a sójú fèrèsé, tí kò gbẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Akéwì kò sọ ìdí rẹ̀. Má-jókòó mọ̀ ọ́n: iyọ̀ ni. Aṣọ tó bá gba iyọ̀ sára, á dà bíi pé ó gbẹ lójú, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa mọ̀ pé ó tutù.

Ó rántí "Dáadáa ni, Bàbá", ó sì pe ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò béèrè àlàáfíà. Ó ka ewì náà délẹ̀, ó sì ṣàlàyé ti iyọ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Yàrá mi ò ní fèrèsé. 'Ìwọ' ni wọ́n ń pè mí níbí. Wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọdún méjì sí i lọ́la, mi ò sì fẹ́. Mo rò pé ojú á tì yín bí mo bá padà wálé ni."

"Ojú wo? Èyí tí mo fi ń wá ọ kiri inú ìwé? Máa bọ̀ nílé."

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́?"

"Ta ni yóò bá wọn fọ ẹ̀wù wọn, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọn imú. "Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Rò ó kí n máa gbọ́. Má gbé fóònù sílẹ̀."

Bàbá ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, ó ń padà. Nígbà tó yá, ọmọ ní, "Mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Bàbá ṣèlérí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.