Irin Tí Mo Rì Mọ́ Ẹ̀yìnkùlé Àna Mi

Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ta ló mọ rédíò tún ṣe jù láti Ìlobùú dé Ẹ̀rìn, mi ò ní fi orúkọ ara mi pamọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíò ni mo fi ń gbádùn ara mi. Iṣẹ́ ológun ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí Bọ́mà, tí wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti inú igbó kan sí òmíràn. Nígbà tí mo padà délé, ọwọ́ mi ò dilẹ̀. Màá ra ẹ̀yà rédíò tó ti kú ní Òṣogbo, màá tò ó sórí pákó, màá fi òjé jó o pọ̀, yóò sì sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Àwọn yẹn náà ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láti gbọ́ ìròyìn.

Ọ̀kan nínú àwọn rédíò orí pákó yìí ni mo gbé lọ fún bàbá ìyàwó mi ní Ìfọ́n. Fáàfù kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn gílóòbù kékeré tó ń gbé ohùn dìde. Bátìrì ló ń lò, etí la sì ń fi ẹnu rẹ̀, ìyẹn ike kékeré tó wà lórí wáyà, sí ká tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo na wáyà kan láti orí òrùlé dé orí igi ìyeyè, mo ri irin kan mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì so wáyà kejì mọ́ ọn. Bí wáyà ilẹ̀ yìí ò bá kan ilẹ̀ tútù, rédíò bẹ́ẹ̀ kò ní lanu. Ẹ̀gbẹ́ òkúta tí Bàbá máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá ni mo ri irin náà sí. Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbẹ bí? Mi ò kúkú sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ta ló máa dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ tán, tí yóò tún máa sọ fún un pé omi ẹsẹ̀ rẹ̀ lòun fẹ́ lò? Nítorí ìjà ààlà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, àwọn aládùúgbò ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọmọ Ìlobùú ti ri irin mọ́lẹ̀ Ìfọ́n. A rẹ́rìn-ín, rédíò sọ̀rọ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé. Àsìkò òjò ni.

Bàbá ní àbígbẹ̀yìn kan, àbúrò ìyàwó mi, tó wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Gbogbo ẹbí ló bá Bàbá jà nígbà tó fẹ́ rán an lọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá lọ síbẹ̀ kò ní rántí ilé mọ́, kò sì ní rántí ìrun. Síbẹ̀, Bàbá rán ọmọ lọ. Láàárín ọyẹ́, lẹ́tà rẹ̀ dé, èmi ni mo kà á fún Bàbá. Ó ní wọ́n máa gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn sórí rédíò ní Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun ni wọ́n sì yàn láti kí àwọn tó ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ní kí n ka ibẹ̀ yẹn. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà, kí òun lè mọ̀ bóyá òun ṣe é re.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rédíò yadi.

Kò bà mí lẹ́rù rárá. Mo gbé pákó náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlobùú. Mo fi ahọ́n tọ́ bátìrì kékeré wò, ó ta mí. Mo wo inú fáàfù, iná rẹ̀ ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fa gbogbo ojú òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já. Nígbà tí mo so ó mọ́ wáyà tèmi, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́. Mo fi ẹ̀rín gbé e padà sí Ìfọ́n, ó tún yadi. Mo gbé e wá, ó sọ̀rọ̀. Mo gbé e padà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ń bí mi débi pé ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí òun ò bá gbọ́ ọ, òun ò gbọ́ ọ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ní Sátidé, mo mú bátìrì tuntun lọ. Agogo mẹ́rin ku díẹ̀, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àsìkò Alásárì ti tó, Bàbá gbé búta rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì forí lé ìdí ògiri lápá kejì. Mo wo òkúta àlùwàlá. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti sán.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ń ṣe àlùwàlá báyìí?”

“Ìdí ògiri lọ́hùn-ún ni, láti ọjọ́ tó o ti ri irin rẹ mọ́bẹ̀. Mi ò lè máa da omi ẹsẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ àna mi lórí.”

Òjò ló ti ń bá wa rin ín láti ọjọ́ yìí, ọyẹ́ dé, ilẹ̀ gbẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìdí irin tèmi ni mò ń da omi tí mo fi ń wá ibi tí táyà kẹ̀kẹ́ ti jò sí lójoojúmọ́, ọkàn mi ò sì lọ síbẹ̀ rí. Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ Bàbá kó padà sórí òkúta rẹ̀.

“Ṣé kò ní bà á jẹ́?”

“Òun gan-an ló máa tún un ṣe, Bàbá.”

Ó jókòó. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́jú. Nígbà tó fi máa dé orí ẹsẹ̀, mo ti ń gbọ́ orin. Mo sáré fi ẹnu rédíò sí i létí bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀, mo sì gbé orí tèmi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orin dákẹ́. Ọmọ náà ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa nílé.”

“A dúpẹ́,” ni Bàbá wí. “Ṣé àlàáfíà lo wà?” Ó wá ń retí èsì. Èmi tí mo mọ rédíò jù láti Ìlobùú dé Ẹ̀rìn, mi ò sọ fún un pé ọmọ náà kò lè gbọ́ ọ. Ọmọ náà ní gbogbo àwọn wà ní àlàáfíà. Bàbá ń mirí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnù ún.

Nígbà tí ọmọ náà wálé fún ìsinmi, Bàbá ò jẹ́ kó wọlé tán tó fi mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fi òkúta hàn án, ó fi irin hàn án.

“Omi ẹsẹ̀ mi ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ,” ló sọ fún un.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó lọ pọn omi sínú búta Bàbá, ó sì rọra dà á sídìí irin náà títí tó fi tán.