Eyín Àna Yísà

Kò sẹ́ni tó rí i kí Yísà jà rí ládùúgbò Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú. Wẹ́dà ni. Bí oníbàárà bá bú u, yóò fa awò dúdú rẹ̀ bojú, yóò máa jórin rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún un ní sùúrù nídìí irin kò fún un ní àṣẹ́kù rẹ̀ kankan nídìí tẹlifíṣàn.

Fíìmù kan ló mú un lẹ́rú. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń gbé nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, àwọn ẹ̀rọ tó dúró bí ọmọ èèyàn sì ń lépa wọn láti pa wọ́n run. Dáríà, obìnrin tí kò bẹ̀rù ikú, ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni apá tuntun máa ń dé sórí sídíì ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ọjọ́ tó bá dé, Yísà á ti ṣọ́ọ̀bù, á tan jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá yọ sí Dáríà lẹ́yìn, á dìde, á máa fi ìkúùkù lu àga. "Gbá a lọ́rùn. Ibẹ̀ ni wọn ò jó irin rẹ̀ dáadáa. Pa á." Bí wọ́n bá pa ẹni tó fẹ́ràn, òun ló máa ké pé wọ́n pa òun. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ máa ń sáré wá. Nígbà tó yá, wọ́n fìdí mọ́lé.

Ní Sátidé kan lọ́dún 2006, Mọ́ṣúdù, ẹ̀gbọ́n Wàlíyà ìyàwó rẹ̀, gbé ẹja wá fún wọn láti Ẹ̀pẹ́. Apẹja ni Mọ́ṣúdù, àjẹ̀ ti sọ apá rẹ̀ di òpó. Wàlíyà kó ẹja lọ sẹ́yìnkùlé. Yísà ṣẹ̀ṣẹ̀ ki apá tuntun bọ inú ẹ̀rọ ni. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni kò ti sùn dáadáa: ní òpin èyí tó kọjá, ẹnìkan nínú ọkọ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá, wọn ò sì tíì fi ẹni náà hàn.

Mọ́ṣúdù jókòó tì í. Ó ti wo apá tuntun náà ní Ẹ̀pẹ́.

"Àna mi, má wulẹ̀ làágùn," ló wí. "Ṣé o rí dókítà yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Dókítà tó ń fẹ́ Dáríà yẹn ni mò ń sọ."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Òun ló ṣílẹ̀kùn. Òun náà ló máa fọ̀bẹ gún Dáríà níkùn."

Yísà gbé àpótí tó jókòó lé, ó là á mọ́ àna rẹ̀ lẹ́nu. Eyín méjì fò jáde. Mọ́ṣúdù tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó gbá a lọ́rùn mú, ó sọ orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Yísà bù ú jẹ léjìká. Lójú tẹlifíṣàn, àwọn ẹ̀rọ ń fa èèyàn ya. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ń yí gbirigbiri nínú ẹ̀jẹ̀. Yísà ló gorí Mọ́ṣúdù, ó sì ń lù ú bí ẹni ń lu irin gbígbóná.

"Ẹ gbà mí, ó ń pa mí o," ni Mọ́ṣúdù ń ké.

Lẹ́yìnkùlé, Mùsílímátù aládùúgbò gbé etí sókè. "Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Yísà àti àwọn onírin rẹ̀ ni," ni Wàlíyà fèsì, ó ń họ ìpẹ́ lọ. "Bí sídíì bá tán, wọ́n á ṣíwọ́."

Ó họ ẹja mẹ́ta tán kó tó wọlé wá bu iyọ̀.

Ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wú dí, ètè rẹ̀ ti ya. Wàlíyà fi ọwọ́ tó kún fún ìpẹ́ gbá ọkọ rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀mejì, ó di ẹrù, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọsibítù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìpẹ́ ẹja mẹ́ta tó jókòó họ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ké ló dùn ún jù.

Lọ́dọ̀ wa, ìdọ̀bálẹ̀ ni ọkùnrin fi ń kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe àpótí. Nígbà tí Yísà ń lọ bẹ̀bẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ti gbé e kọjá Èjìnrìn kó tó rántí pé ọwọ́ òfo lòun mú dání. Àwọn àbúrò Mọ́ṣúdù kò fi òfo kí i. Wọ́n fi àjẹ̀ nà án láti etí omi dé ẹnu ọ̀nà Àlàájì Bísíríyù, bàbá wọn. Ìka rẹ̀ kan ṣẹ́. Kò gbé ọwọ́ sókè.

"Ọwọ́ tí kò mọ àna," ni Àlàájì wí fún un níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, "ṣé ọmọ mi ni yóò mọ̀?"

"Ẹ dákun, Bàbá."

"Fíìmù yẹn ku apá mélòó?"

"Mẹ́ta, Bàbá."

"Ìhín lo ó ti wò ó, lẹ́sẹ̀ Mọ́ṣúdù. Òun ni yóò kọ́kọ́ wò ó, yóò sì máa sọ ọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí o bá gbé ọwọ́ sókè, má wulẹ̀ bèèrè ìyàwó mọ́."

Ní apá méjì àkọ́kọ́, Yísà jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ kó má baà gbé e sókè. Apá ìkẹyìn ló le jù. Dáríà dìde lórí ibùsùn pẹ̀lú ojú ọgbẹ́, ó gbé ìbọn.

"Ibí yìí ló máa kú sí," ni Mọ́ṣúdù wí gba àlàfo eyín tí kò sí.

Wàlíyà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò wo tẹlifíṣàn. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Àwọn ẹ̀rọ ya wọlé, wọ́n gé apá obìnrin náà, iná sọ. Yísà fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, omijé sì bọ́ lé ìka tó ṣẹ́ náà.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Wàlíyà wọ yàrá lọ, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde. "Ṣé ó tán, àbí ó kù?"

Yísà ń nu ojú. Mọ́ṣúdù ló dáhùn, òun náà ń nu ojú.

"Ó tán. Máa mú ọkọ rẹ lọ sílé."