Àtẹ́lẹsẹ̀ Rídúwánù

Rídúwánù, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Hanoukopé ní Lomé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bó bá ń ránṣọ, á máa bá màṣíìnì rẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa bú òwú, á máa bú oníbàárà tó ní kí aṣọ òun fún nídìí nígbà tí ìdí fúnra rẹ̀ ò gbà. Màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, ó ní iná mànàmáná kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá ṣe àdéhùn. Aṣọ ilé ìwé ló mọ̀ ọ́n rán jù, káàkì táwọn ọmọ Lomé ń wọ̀. Ní báyìí màṣíìnì náà ti di ibi tí ó ń gbé ife tíì lé.

Èmi ni Ọládélé. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn èèyàn wa kọ lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù ní Faransé, mo sì máa ń tẹ̀lé wọn lọ sí ọ́fíìsì láti gbẹnu sọ fún wọn. Mo tètè ń sọ èyí nítorí pé ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹlẹ́rìí lásán ni mí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn kan fẹ́ ṣe ìwọ́de, ìjọba ní àwọn ò gbà, wọ́n sì ka èèwọ̀ náà lórí rédíò. Rídúwánù ò bá ìwọ́de ṣe. Ó di káàkì mẹ́rìnlá sínú báàgì, ó ń gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Agbalépédogan. Ó bá àwọn tó ń sá pàdé lójú ọ̀nà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá, àwọn ọlọ́pàá sì kó o mọ́ wọn. Àgọ́ tí wọ́n kó wọn lọ, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ àwọn oníwọ́de ló wà nínú báàgì rẹ̀, kó dárúkọ ẹni tó ní kó rán an. Ó ní aṣọ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹ wò ó, ta ni yóò lè wọ̀ ọ́ nínú yín? Ẹnu yẹn náà ló kó bá a. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n sì fi wáyà na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, Alàájì Àṣírù, olórí àwọn ọmọ Ṣakí ní Lomé, ní kí n tẹ̀lé òun lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀ kì í sọ pé ọmọ òun ò ṣe é. Á kọ́kọ́ ní ọmọ náà jẹ̀bi, òun bàbá jẹ̀bi, gbogbo ilé jẹ̀bi, kí inú ẹni tó ń bínú lè rọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ máa ń lójútùú. Láàárín wa, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Alàájì ṣí fìlà. "Bonjour, ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ má bínú, a jẹ̀bi. Ọmọ yìí ò gbọ́n, ó lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Ẹ wo ewú orí mi, ẹ fi jì wá."

Ọ̀gá àgọ́ náà wò mí. Èmi ọlọ́gbọ́n orí ìwé, mo túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, n ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀. Akọ̀wé kan sì ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní kí Alàájì fọwọ́ sí i, kó sì ṣe onídùúró. Tayọ̀tayọ̀ ló fọwọ́ sí i, nítorí wọ́n ti ń mú Rídúwánù jáde. Ilé la dé tí mo tó ka ẹ̀dà ìwé náà dáadáa: ẹbí rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ó lọ sí ìwọ́de tí òfin kà léèwọ̀. Wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò ní Lomé, kó sì máa wá fara hàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Inú mi bà jẹ́ débi pé n ò lè jẹun.

Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi pè é láti Ṣakí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ padà sí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun nìkan lọmọ tó bí. Apá kan ara ìyá ti kú, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní kí ọmọ rẹ̀ má pẹ́. Rídúwánù sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ló dá òun dúró. Kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Tó bá gba ọ̀nà ìgbẹ́ kọjá bodè, Alàájì onídùúró ni wọ́n á wá mú. Ó ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò bú òwú, kò bú ẹnì kankan.

Èmi ni mo wá agbẹjọ́rò. Élise lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó bá wa sọ Mínà, èdè àwọn ará Lomé, mò ń túmọ̀ ibi tó bá ṣòro.

"Kí èèyàn rìn, kó péjọ, kó jáde nílùú, ẹ̀tọ́ ni," ó ní, "ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè jọ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìjọba lè dín in kù, bí òfin bá wí bẹ́ẹ̀, bí ìdí gidi bá wà, bí kò bá sì ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n ṣe dá ọ dúró sí Lomé, mo lè bá wọn jà pé ó ti pọ̀ jù. N ò lè sọ pé wọn ò láṣẹ rárá. Ti ẹsẹ̀ rẹ yìí ló yàtọ̀. Èèwọ̀ ni kí wọ́n dá èèyàn lóró, kò sí 'àyàfi' kankan nínú tiẹ̀."

Rídúwánù gbójú sókè. "Tó bá jẹ́ pé mo lọ sí ìwọ́de lóòótọ́ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Tó bá jẹ́ olè ni mí?"

"Kò sí."

"Tí ogun bá ń jà?"

"Ogun pàápàá, kò sí."

Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹni tó kọ òfin yẹn ò tíì dé àgọ́ tèmi."

Élise ní kí dókítà ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó sì kọ ẹ̀sùn lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Alàájì gba ìwé kan láti àgọ́, ó gbé e wá. Wọ́n ní kí Rídúwánù kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òun, pé níbi tí òun ti ń sá lòun ti ṣèṣe. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ẹjọ́ parí, wọ́n á dá káàdì rẹ̀ padà, ó lè wọkọ̀ Ṣakí lọ́jọ́ náà gan-an. Ká sọ òótọ́, èmi náà ní kó fọwọ́ sí i. Mo ní kí ni èèyàn fẹ́ fi òótọ́ ṣe nígbà tí ìyá ń kú lọ?

"N ò lè kọ ọ́," ni Rídúwánù wí.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni Alàájì wí. "Ìlú yìí la ń gbé." Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, lórí ilẹ̀ tó kún fún ègé aṣọ! Orí mi wú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ohun tó bá bèèrè ni wọ́n ń fún un. Èyí náà kò ní àyàfi. Mo wo Rídúwánù, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ níwájú àti lẹ́yìn.

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, òun náà dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàájì. "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ má fi èyí mú mi. Mo bẹ̀ yín."

Alàájì ló kọ́kọ́ gbórí sókè. Sálúbàtà Rídúwánù ti bọ́. Bàbá náà ò tíì rí àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn rí, ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú ọgbẹ́ ti dì, ó sì ti dúdú, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ sún kì bí ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Wáyà ni?"

"Wáyà ni, Bàbá."

"Èmi sì ní o jẹ̀bi."

"Ẹ̀bẹ̀ lẹ bẹ̀."

"Mo ní o jẹ̀bi, mo tún fọwọ́ sí i." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ Rídúwánù. "Ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú ẹ. N ò ní bẹ̀ ọ́ mọ́ lórí èyí."

Bó ṣe di pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ mọ́, ló bá nira jù. Ó mú báírò, ó fi í lélẹ̀, ó tún mú un. Níkẹyìn ó pe Ṣakí, ó fi fóònù sórí màṣíìnì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ìyá, wọ́n ti gbé ìwé dé. Bí mo bá fọwọ́ sí i, mo lè wá lónìí."

"Alhamdulillahi! Kí lo wá ń dúró dè?"

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé wọn ò nà mí."

"Ṣé wọ́n nà ọ́ ni?"

Rídúwánù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ó ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ màṣíìnì. "Wọ́n nà mí, Ìyá," ló wí nígbẹ̀yìn, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré.

Ìyá náà jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

"Nígbà náà," ó ní, "má wá."