Ọjọ́ Tí Làmídì Fẹ́ Dọ̀bálẹ̀ Lórí Tábìlì Ẹ́síréè

"Ẹ má fọwọ́ kan orí yẹn o!"

Bí mo ṣe kígbe nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n gbé Làmídì wọ yàrá ẹ́síréè wa ní ìsàlẹ̀ Mápó. Alábàárù ni lọ́jà'ba. Ó ru àpò èlùbọ́ sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, òun àti ẹrù jọ yí gbirigbiri. Èlùbọ́ bò ó, ara rẹ̀ funfun láti òkè délẹ̀, ojú nìkan ló ń ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti nawọ́ sí i lọ́rùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n bá a fà á díẹ̀. Tó bá ti dún kọ́, ó ti balẹ̀ nìyẹn."

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì! Tó bá wá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ńkọ́, ṣé ìwọ ni wàá máa gbé e jókòó? Ó yá, gbogbo yín, ẹ bọ́ síta!"

Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn. Àwòrán egungun ni mo ń yà, mi ò gúnni lábẹ́rẹ́ rí.

Egungun méje ló tò léra wọn lọ́rùn èèyàn, okùn ẹlẹgẹ́ kan tó ti ọpọlọ wá sì gba inú wọn kọjá. Òun ló ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí egungun kan bá ti sán, tí orí wá mì, ó lè gé okùn náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń to àpò iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, tí a óò sì ya ẹni náà bó ṣe dùbúlẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Tóo bá rí mẹ́fà, o ò tíì ya nǹkan kan."

Mo ya Làmídì, mo kà á: mẹ́fà. Èjìká alábàárù! Ó nípọn bí ògiri ilé alámọ̀, ó bo ìkeje mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní láti rọra fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀ kí èjìká lè wálẹ̀. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ sì ti lọ kírun Jímọ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ lọ pe ọ̀kan nínú àwọn tí mo lé síta, ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá Sílífá wọlé láti Bẹyẹrúnká. Ọmọ wọn ni Làmídì fẹ́ fẹ́, ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá wúkọ́ lásán, Làmídì dá ohùn wọn mọ̀. Yéè! Ọmọkùnrin yìí ti ń gbé èjìká, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún àna! Mo fò lé e láyà, mo fi ọwọ́ kan di iwájú orí rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ n kí bàbá mi!"

"Tóo bá kí wọn báyìí, o lè má lè kí wọn mọ́ láyé!"

Bàbá sún mọ́ tábìlì. "Nọ́ọ̀sì, kí lẹ ń ṣe lórí àna mi?"

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, Bàbá! Ẹ dákun, ẹ ní kó má kí yín. Ó lè rọ o!"

"Kó má kí mi kẹ̀? Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílé wa." Ṣùgbọ́n wọ́n rí bí mo ṣe di orí rẹ̀ mú, ohùn wọn sì rọ̀. "Làmídì, sùn jẹ́ẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má kí mi."

Mo gbé ẹ̀wù òjé tó ń dí ìtànṣán wọ̀ wọ́n lé agbádá, fìlà wọn já bọ́. Wọ́n tẹ̀ ba síbi ẹsẹ̀ Làmídì, wọ́n rọra fa ọwọ́ rẹ̀. Àna àgbà ló ń tẹríba fún ọkọ ọmọ! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Mo tún un yà. Àwòrán jáde nínú omi tí a fi ń fọ̀ ọ́, mo kà á: méje pé. Ìkeje ti sán, àmọ́ kò tíì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Dókítà fi kọ́là líle tí kì í jẹ́ kí ọrùn mì dè é lọ́rùn. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú díẹ̀, kọ́là yẹn ló sì wọ̀ lọ síbẹ̀. Orí àga ni ọkọ ìyàwó jókòó sí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ alábàárù ló ń bá a dọ̀bálẹ̀. Bàbá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Làmídì àti Sílífá kó àwọn ọmọ wọn wá. Kí n tó lanu, ó ti na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àyà kan ilẹ̀.

"Dìde! Ọrùn! Ọrùn!"

Kò mira. "Ẹ jẹ́ n kí yín tán, Nọ́ọ̀sì."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn. Ó ti jinná, ó le koko. Mo gbà kí n jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn.