Yẹtí Tí Wọ́n Rẹ Sínú Àjàgbọn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, yàrá kan ṣoṣo la háyà ní Deira, nílẹ̀ Lárúbáwá, àmọ́ òórùn mẹ́ta ló máa ń jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa: ata díndín tiwa, kọ́rì àwọn ará Íńdíà, àti ẹja gbígbẹ Àǹtí Mya, alágbẹ̀dẹ wúrà ará Bọ́mà tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa. Tí mo bá ti fọ abọ́ tán, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á fa wúrà títí á fi tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, wọ́n á ká a ní òdòdó-òdòdó, wọ́n á fi iná so ó pọ̀. Èèwọ̀ ni kéèyàn sín nítòsí wọn.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ àbúrò mi ń bọ̀, màmá mi gbé òrùka ìyá wọn fún Àǹtí Mya kí wọ́n fi rọ yẹtí. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe rẹ yẹtí náà sínú omi àjàgbọn gbígbóná, èso kíkan yẹn, títí ó fi pọ́n bí ẹyin iná. Èmi náà ni mo gbé e délé.

Màmá mi ṣí i. "Bàbà rèé! Bísí, kí lo fi bà á jẹ́?"

"Àjàgbọn ni, mà."

"Àjàgbọn kẹ̀? O fi wúrà ìyá mi se ọbẹ̀?"

Ibí yìí ni ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bó ṣe ń rí lápá. Màmá mi fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín gbo yẹtí náà lójú mi. Òdòdó kan já. Wọ́n tún ní èmi ni mo fà á!

Àǹtí Mya wọlé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Habibti, ọ̀rẹ́ mi, bó ṣe ń pọ́n nílé wa nìyẹn. Ẹwà ẹ̀ nìyẹn!" Màmá mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n po tíì. Wọ́n sọ̀rọ̀ aṣọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja. Apá mi ṣì wà lókè. Àǹtí Mya ló rántí mi: "Khalas, ó ti tó, dìde."

Lónìí, Sharjah, nítòsí Deira, ni mò ń gbé. Ẹ̀rọ ló ń tẹ wúrà tó ń dán nínú gíláàsì; ẹ sín bó ṣe wù yín. Tọ́mọ tèmi bá ṣẹ̀, orí àga ló ń jókòó sí, á ro ẹjọ́ tiẹ̀ tán kí n tó lanu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi gbé yẹtí náà fún un, òdòdó kan tó já nígbà yẹn ò sí níbẹ̀.

"Àjàgbọn ni kó o máa fi fọ̀ ọ́ o. Má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ìyá ẹ ti fi bà á jẹ́ nígbà kan."

Mo lanu láti ṣàlàyé. Ọmọ mi wò mí, ó rọra fa àga wá.

"Mọ́mì, ẹ jókòó. Ẹ ro ẹjọ́ yín."